Ibi Tí Bàtà Mi Tẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti dé, ohun méjì ni àwọn ará àdúgbò ń bi mí. Wọ́n ń bi mí bóyá òtútù ibẹ̀ mú mi, wọ́n sì ń bi mí bóyá mo rí oúnjẹ gidi jẹ. Bàbá Rótìmí tó ń gẹrun fún mi ní Surulere tilẹ̀ gbé kílípà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ o, kí n má baà fi kinní yìí ya yín létí. Ṣé àwọn obìnrin wọn lẹ́wà bí wọ́n ṣe ń sọ?" Mo ní wọ́n lẹ́wà. Ó ní ó tó bẹ́ẹ̀, pé ìrìn-àjò mi kò já sí asán.

Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ni mo lọ wá. Ìdí rèé tí mo fi jókòó kọ èyí. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin, Mojísọ́lá, ni mo lọ ní Àdís Àbábà, ní ilẹ̀ Etiópíà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Oṣù méjì ni mo lò. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ nípa ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí Mushin.

Kọ́kọ́rọ́ yàrá

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi, òwú àti abẹ́rẹ́ ló sì ń tà ní Mushin. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti wọ bàtà wọlé. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò ti fọ sùtánà rẹ̀, yóò po búlù sínú omi tó fẹ́ fi ṣàn án, kí funfun rẹ̀ lè jáde dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bó bá ti wẹ̀ tán, kò tún ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Yóò wọ sùtánà náà, yóò sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti yàrá kan ṣoṣo tí a ń gbé, yóò gba orí títì, yóò kọjá níwájú àwọn mẹkáníìkì, títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ ni yóò ti kúnlẹ̀, tí yóò fi iwájú orí kan ilẹ̀ kó tó wọlé.

Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Obìnrin tó lè bá ọkùnrin mẹ́ta fa ọ̀rọ̀ láàárín ọjà láì wo ẹ̀yìn ni o, ṣùgbọ́n ní ẹnu ọ̀nà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí mo kéré, tèmi náà máa ń gbọ̀n. Mo gbà pé Ọlọ́run wà lẹ́yìn àwọn àbẹ́là tó ń jó lórí pẹpẹ, pé tí mo bá wúkọ́, yóò yíjú wò mí.

Lẹ́yìn náà mo lọ sí yunifásítì ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ti ń tijú ẹsẹ̀ ìyá ẹni.

Ayé bàtà gogoro ni ayé ìgbà náà. Mo ra ọ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí obì, gìgísẹ̀ rẹ̀ ga débi pé ènìyàn ní láti kọ́ ìrìn lákọ̀tun. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí a wà ní ìsinmi yunifásítì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ lọ sóde ní Yaba. Mo délé, mo bá ìlẹ̀kùn ní títì. Ọwọ́ ìyá mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, ìyá mi sì wà nínú ìsìn. Ọ̀rẹ́ mi dúró sí ìta, ó ń wo aago.

Mo wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà tòun ti bàtà.

Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni, ó sì ń dún: kò, kò, kò. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà na ọwọ́ láti dá mi dúró, mo yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní ilẹ̀ mímọ́ ni. Mo dá a lóhùn, ohùn mi sì ròkè, "Ọkàn ni Ọlọ́run ń wò, Bàbá. Kì í wo bàtà." Gbogbo ìjọ yíjú wò mí. Mo rìn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀bá pẹpẹ, níbi tí ìyá mi kúnlẹ̀ sí láàárín àwọn obìnrin. Kò gbójú sókè wò mí. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sókè sí mi bí ẹni ń na nǹkan sí àjèjì. Mo gbà á, mo sì tún rìn jáde: kò, kò, kò.

Òótọ́ ni ohun tí mo sọ nípa ọkàn. Òótọ́ yẹn gan-an ni mo fi bo ìwà mi. Nígbà tí ìyá mi dé ilé, gbólóhùn kan ló sọ. Ó ní, "O rí kọ́kọ́rọ́ gbà, àbí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Mo jáde ní yunifásítì, mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Yaba. Èmi àti ìyàwó mi dara pọ̀ mọ́ ìjọ kan ní Surulere, ìjọ oníbàtà, tí ó ní fáànù, ẹgbẹ́ akọrin àti ẹ̀rọ tí ń gbé ọ̀rọ̀ orin hàn lára ògiri. Mo di àgbà ìjọ. Wọ́n fún mi ní àga oníròrí ní ìlà àkọ́kọ́, wọ́n kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Orí àga yẹn ni mo jókòó sí ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ní ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyàwó mi, tí gbogbo ìjọ dìde tí wọ́n ń pe Ọlọ́run ní mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnu mi ń sọ ọ́ pẹ̀lú wọn. Mo wo inú ara mi, mi ò bá nǹkankan níbẹ̀. Ó dà bí ilé tí a ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni àárò ìbẹ̀rù yẹn ti ń sọ mí. Kì í ṣe ìbẹ̀rù ikú, kì í ṣe ìbẹ̀rù ọ̀run àpáàdì. Ti ìyá mi ní ẹnu ọ̀nà ni mò ń sọ. Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú bóyá ó ṣì lè bà mí, tàbí mo ti fi bàtà gogoro tẹ̀ ẹ́ pa lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Mojísọ́lá sọ lórí fóònù pé àwọn ènìyàn tí òun ń gbé láàárín wọn máa ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wọlé rárá nítorí ọ̀wọ̀, mo ní kó wá ọ̀nà tí màá fi wá.

Ìlú tó wà lókè

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ pé orí òkè ni Àdís Àbábà wà, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò nípọn. Àyà mi kò lọ sí kíláàsì yẹn. Àtẹ̀gùn ilé Mojísọ́lá kò ju ogún lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo dúró mí kí n tó gùn ún tán. Òórùn igi yúkálíptọ́sì wà nínú èéfín ìlú náà, òtútù sì ń bá oòrùn rìn pọ̀ bí tọkọtaya. Mo wọ kádígàn sábẹ́ agbádá. Àwọn ọkùnrin lójú ọ̀nà á wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Nàìjíríà!" wọ́n á sì máa dárúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wa tó ti fẹ̀yìn tì, bí ẹni pé ọmọ mi ni wọ́n.

Ìkíni wọn tẹ́ mi lọ́rùn. Wọn kì í kí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á bèèrè àlàáfíà, wọ́n á bèèrè ilé, wọ́n á tún bèèrè àlàáfíà, wọ́n á máa tẹríba díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń bèèrè. Mo ní ní ọkàn mi pé ilé ni mo wà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kò jọ ilé. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù àti táì ń sáré lọ síbi iṣẹ́, ó di báàgì mú, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ó yọ fóònù kúrò létí. Ó tẹríba, ó fi ẹnu kan òpó géètì, ó fi iwájú orí kàn án, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù padà sétí, ó sì ń sáré lọ. Kò wọlé. Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tilẹ̀ wà ní títì. Mo rántí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa láti Mushin dé Ládìpọ̀, tí wọ́n ń pín ògiri pẹ̀lú àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò. Mi ò rántí ẹnì kan tí mo rí rí tó fẹnu kan ògiri wọn.

Ohun mìíràn tún wà. Kàlẹ́ńdà wọn yàtọ̀ sí tiwa: ọdún méje tàbí mẹ́jọ ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Mojísọ́lá fi kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri hàn mí, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Dádì, ẹ wò ó, ẹ ti kéré sí i." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde lọ síbi iṣẹ́, mo padà lọ dúró níwájú kàlẹ́ńdà náà. Mo ṣírò rẹ̀. Nínú ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀, ìyàwó mi ṣì wà láàyè, ó wà ní Surulere, ó ń bá mi jà pé mo gbàgbé láti ti fèrèsé. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wo kàlẹ́ńdà náà títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ọwọ́ Emáma

Onílé Mojísọ́lá jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Tirúnẹ́ṣì. Emáma ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bí a ṣe ń pe àwọn ìyá wa ní Màmá. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ó tín-ín-rín, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í kúrò léjìká rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó ní kí a wá jẹun.

Oúnjẹ wọn ni wọ́n ń pè ní ìńjẹ́rà. Ó fẹ̀ bí ẹní, ó rọ̀, ó ní ihò wẹ́wẹ́ lára, ó sì kan bí ògì ọjọ́ mẹ́ta. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń da ọbẹ̀ sí, gbogbo ènìyàn á yí àwo kan ṣoṣo ká. Mo ń gbìyànjú láti ya tèmi nígbà tí Emáma ya tirẹ̀, ó fi kó ọbẹ̀, ó ká a, ó sì na ọwọ́ sí ẹnu mi.

Mo fà sẹ́yìn. Mojísọ́lá sọ fún mi ní Yorùbá pé, "Dádì, ẹ yanu. Ọ̀wọ̀ ni. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, inú wọn ò ní dùn."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Ẹni tó fi ọwọ́ bọ́ mi kẹ́yìn ti kú tipẹ́. Mo yanu. Ó fi ọ̀kan sí i, ó tún fi ọ̀kan sí i, ó ń wo ojú mi bí ìyá tí ń wo ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ata rẹ̀ pọ̀. Ata náà ni mo fi kẹ́wọ́ fún omi tó wá sójú mi.

Lẹ́yìn oúnjẹ ó tẹ́ koríko tútù sílẹ̀, ó yan kọfí nínú páànù níwájú wa, ó ń gbé èéfín rẹ̀ kiri síwájú àlejò kọ̀ọ̀kan kí ó lè fi imú fà á. Ife mẹ́ta ni wọ́n ń mu, ẹni tó bá dìde lẹ́yìn ọ̀kan kò mọ ìwà. Mo ní kí Mojísọ́lá sọ fún un pé mo fẹ́ bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Emáma ní òun á mú mi débẹ̀. Ó ní òun kì í wọlé ní tòun.

Aṣọ ìkélé

Ṣọ́ọ̀ṣì náà wà lórí òkè, àgbàlá tó ní igi ńláńlá ló yí i ká. Láti òru ni wọ́n ti ń ṣe ìsìn; nígbà tí a dé, ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa. Gbogbo àgbàlá funfun fún ènìyàn. Bí mo ṣe rí gbogbo aṣọ funfun yẹn tó ń mì nínú kùrukùru àárọ̀, mo dúró sójú kan. Ó dà bí ẹni pé bí mo bá wò dáadáa, màá rí ìyá mi láàárín wọn.

Emáma lọ dúró sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìta. Mojísọ́lá lọ sí apá àwọn obìnrin. Mo bọ́ bàtà mi sí ẹnu ọ̀nà láàárín ọ̀pọ̀ bàtà, mo sì wọlé sí apá àwọn ọkùnrin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi, torí pé ará Èkó nìkan ló lè ṣe é. Ní tiwa, bí àgbà tó wọ agbádá bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní rìn jìnnà kí ẹnì kan tó sáré wá, kí wọ́n tó dì í lọ́wọ́ mú lọ síwájú, kí wọ́n tó lé ọ̀dọ́ kan dìde fún un. Mo dúró kí wọ́n wá mú mi. Kò sí ẹni tó wá. Kò tilẹ̀ sí àga. Ọ̀pá gígùn ni àwọn àgbà fi ti ara wọn, wọ́n dúró. Mo rò pé àga àwọn àgbà á wà níwájú. Mo ń tọrọ gáfárà, mo ń fi agbádá la àárín wọn kọjá, wọ́n sì ń yà fún mi nítorí ìwà pẹ̀lẹ́ wọn. Mo dé ibi tí aṣọ ìkélé gígùn kan wà. Mo rò pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fi àwọn àgbà ìjọ sí. Mo na ọwọ́ láti ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọwọ́ kan dì mí mú lọ́rùn ọwọ́. Díákónì kan ni, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Mo retí ìbínú lójú rẹ̀. Ẹ̀rù ni mo rí, ẹ̀rù nítorí mi, bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ tó fẹ́ jìn sí kànga. Ó rọra gbé ọwọ́ mi sọ̀kalẹ̀, ó tẹríba fún mi, ó sì fi ojú sọ fún mi pé kí n padà.

Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ mi, orí ẹní sì ni mo ń rìn, ṣùgbọ́n bí mo ti ń padà jáde, mo gbọ́ ọ ní etí mi kedere: kò, kò, kò.

Lábẹ́ igi

Mo wọ bàtà mi, mo lọ sọ́dọ̀ Emáma. Ó sún díẹ̀ fún mi lábẹ́ igi náà. A ò gbọ́ èdè ara wa, a kàn dúró. Nígbà tó yá, Mojísọ́lá jáde wá wò mí, mo sì ní kó bá mi bi ìyá náà ìdí tí kò fi ń wọlé. Mo ní ṣé wọ́n lé e ni.

Emáma rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ẹni tó lé òun. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó ti kú, òun sì ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run díẹ̀díẹ̀ láti ibẹ̀. "Ilé ọba kọ́ ni ènìyàn ń já wọ̀," ó ní. "Mo dúró díẹ̀ ni, kí n tó wọlé."

Mo bèèrè pé díẹ̀ náà ti tó ọdún mélòó. Ó fi ìka kà á. Ọdún mọ́kànlá ni.

Ibi tí a wà ni àlùfáà ti bá wa. Ìsìn ti ń lọ sópin, wọ́n jáde láti inú, ẹnì kan ṣí agboòrùn aláràbarà sórí àlùfáà náà, àlùfáà sì di àgbélébùú mú lọ́wọ́. Mo rò pé àwọn tó wà nítòsí ìlẹ̀kùn ló jáde wá bá. Ó kọjá wọn. Ó ń bọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, sọ́dọ̀ àwọn tí kò wọlé. Ó fi àgbélébùú náà kan iwájú orí wọn, ó fi kan ẹnu wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Emáma na ọrùn bí ẹni òǹgbẹ ń gbẹ. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé àwọn wọ̀nyí bẹ̀rù láti wọlé, ohun mímọ́ inú ilé sì ti jáde wá bá wọn.

Ó kàn mí. Ó gbé àgbélébùú náà sókè. Mo wo ilẹ̀, mo rí bàtà mi lẹ́sẹ̀ mi, bàtà aláwọ dúdú tí mo ti kùn dán fún ọjọ́ Ìsinmi. Mo fa ara sẹ́yìn. Àlùfáà náà dúró díẹ̀, ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ó tẹríba, ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé mi.

Ìbéèrè lórí kọfí

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, lórí ife kọfí kejì, mo sọ ọ̀rọ̀ bàtà gogoro fún Emáma. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí; ìyàwó mi pàápàá kò gbọ́ ọ. Mojísọ́lá ló ń túmọ̀. Nígbà tó dé ibi kọ́kọ́rọ́, ó yíjú sí mi.

"Dádì, ẹ ò sọ èyí fún wa rí."

Mo ní kó máa túmọ̀ lọ.

Emáma gbọ́ ọ tán. Mo retí pé yóò káàánú mi, tàbí kó sọ pé Ọlọ́run ti dárí jì mí, bí àwọn ará ilé ì bá ti sọ. Ìbéèrè ló bi mí. Ó ní ṣé wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi ni. Mo ní mi ò mọ̀, mi ò tíì padà débẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú rẹ̀. Ó ní ṣé ó jìnnà sí ilé mi tó bẹ́ẹ̀ ni. Mojísọ́lá ló dáhùn, ó wo ilẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Ó ní láti ilé wa ní Surulere, ẹni tí ara rẹ̀ dá lè fẹsẹ̀ rìn ín.

Ìyá náà gbé ìkòkò kọfí sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, Mojísọ́lá sì túmọ̀ rẹ̀ bó ti sọ ọ́: "Ẹ fò kọjá gbogbo orí ilẹ̀ yìí láti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà tiwa. Ẹ ò tíì dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá yín."

Lẹ́yìn náà ó bu kọfí kẹta fún mi. Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, ó di kọfí tí wọn kò tíì yan sínú àpò fún mi, ó sì fi ọwọ́ bọ́ mi ní ìńjẹ́rà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò fà sẹ́yìn.

Mushin

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà nílé tí mi ò lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé ó rẹ̀ mí. Ní Sátidé tó kọjá mo wọ ọkọ̀ dé ìdí ọ̀nà tí a ti ń gbé rí. Mo bọ́ bàtà mi ní igun títì, mo fi í há abíyá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Títì náà gbóná. Àwọn mẹkáníìkì ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí mo mọ̀, bóyá. Ọ̀kan yọ orí jáde lábẹ́ mọ́tò.

"Bàbá, ṣé bàtà yín já ni? Ẹ mú un wá, gọ́ọ̀mù wà níbí."

Mo ní kò já. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi ni mò ń lọ. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n rántí àwọn nínú àdúrà, ó sì padà sábẹ́ mọ́tò rẹ̀.

Wọ́n ti tún ṣọ́ọ̀ṣì náà kọ́. Ó ti di ilé alájà, táìlì funfun wà nílẹ̀ níbi tí sìmẹ́ńtì wà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò wọlé. Àwọn obìnrin ń fọ ilé náà de ọjọ́ kejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń da omi. Ìyá arúgbó kan dá jókòó sórí àpótí ní àárín, ó tẹ̀ síwájú, ó ń fi akísà nu ojú ọ̀nà tó lọ tààrà sí pẹpẹ. Ó gbójú sókè, ó wò mí pẹ́.

"Ìwọ ni oníkọ́kọ́rọ́," ó ní.

Mo dọ̀bálẹ̀ níta níbẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ara mi kì í ṣe ara ọmọdé mọ́. Ìyá Ẹ̀bùn ni. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni nígbà tí mo ń wọ bàtà gogoro, ẹ̀gbẹ́ ìyá mi gan-an ló sì kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ náà. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì, mi ò kàn mọ ẹni tí màá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó na akísà náà sókè kí n lè rí i.

"Láti Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ yẹn ni ìyá rẹ ti ń nu ojú ọ̀nà yìí. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Láti ẹnu ọ̀nà tó o dúró sí yẹn dé pẹpẹ, gbogbo ibi tí bàtà rẹ tẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń ṣe é, kò gbà kí á fún òun ní ìgbálẹ̀ onírun. Yóò máa nù ún, yóò máa sọ pé, 'Olúwa, má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí gbẹ síbí. Ọmọ mi ni. Ó ń bọ̀ wá nù ún fúnra rẹ̀.'"

Mo ní ìyá mi ti kú tipẹ́.

"Ṣé mo sọ pé kò kú ni? Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí, ó fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n máa bá òun mú un ní ọwọ́ títí o máa fi dé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ilé kọ́, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má yí ojú ọ̀nà yìí padà. Wọ́n rò pé orí mi ti ń dàrú." Ó fi ọwọ́ na orúnkún rẹ̀. "Mo ti wá dàgbà. O pẹ́ jù, ọmọ yìí."

Ó ju akísà náà sínú garawa, ó fi ẹsẹ̀ tì í díẹ̀ sí ọ̀nà mi.

Mo gbé bàtà mi sílẹ̀ níta. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Orúnkún mi dún. Mo fi iwájú orí kan ilẹ̀. Mo wọ́ ara mi wọlé, mo fa garawa mọ́ra, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé omi náà ló tutù. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni garawa náà ti wà nínú oòrùn níta kí wọ́n tó gbé e wọlé, omi inú rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́.